Àlejò Kọ́, Ará Ilé Ni

Nínú agbo ilé tí mo dàgbà sí ní Bẹyẹrúnká, ní Ìbàdàn, ife tánganran kan ló máa ń wà lórí ọmọrí àmù. Ó ti kán lẹ́nu, ìdí rẹ̀ sì ti dúdú. Bàbá àgbà á fi mu omi, àwa ọmọdé tó sáré dé láti ìsàlẹ̀ Màpó á fi mu, alájọ tó wá gba owó á fi mu, ọmọ ọwọ́ tó ń hu eyín á sì gbá ẹnu ife náà mú títí itọ́ rẹ̀ á fi máa ṣàn lára rẹ̀. Ìyá wa àgbà a máa jẹ ẹja lẹ́nu kó kúnná kó tó fi bọ́ ọmọ. Kò sẹ́ni tó ka gbogbo èyí sí nǹkan kan. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ife tòun lọ́tọ̀ ni wọ́n máa ń wò lẹ́ẹ̀mejì: yálà ó ń gbéra ga, tàbí ó rò pé ẹnì kan nínú ilé fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ.

Ife yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún ẹnì kan. Mo mọ̀ pé ó jọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ bá délẹ̀, ohun tí ẹbí kọ́kọ́ ń bẹ̀rù ni ọ̀bẹ, lẹ́yìn ọ̀bẹ ni owó, lẹ́yìn owó ni pé ṣé ara á gba kíndìnrín ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni àdúrà máa ń parí sí. Bí aláìsàn bá ti jí, tí ìtọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba inú rọ́bà, àwọn ará ilé á dọ́pẹ́, wọ́n á sì máa wá àgbò tí wọ́n á fi ṣe sàráà. Ọkàn àwọn dókítà kò tíì balẹ̀ nígbà náà. Láti bí oṣù kìíní títí dé oṣù kẹfà ni àwọn fáírọ́ọ̀sì kan máa ń yọjú, àwọn tó sì ń kó dókítà láyà sókè jù nínú wọn, aláìsàn kò kó wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ti wà lára rẹ̀ láti kékeré. Láti ẹnu ife ni.

Ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ gùn, cytomegalovirus, tí àwọn dókítà gé kúrú sí CMV. Itọ́ ló ń gbé e kiri, àti ìtọ̀ ọmọ ọwọ́, àti omi ọyàn, àti ìbálòpọ̀. Ọmọdé á kó o, ara rẹ̀ á gbóná díẹ̀ tàbí kó má tilẹ̀ gbóná rárá, ìyá rẹ̀ á ní eyín ló ń hù. Ara gbígbóná á lọ, fáírọ́ọ̀sì kò ní lọ. Á sùn sínú ara ọmọ náà títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ìdajì àwọn àgbàlagbà ló ní in. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ṣòro kí o tó rí àgbàlagbà kan tí kò ní in. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ní Bẹẹrẹ láàárọ̀, ọlọ́kadà, alágbo, olùkọ́, alákàrà, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló gbé e dání, wọn kò mọ̀, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Àwọn baba wa mọ bí a ti ń ṣọ́ra fún àìsàn tó ń ti ìta wọlé. Nígbà tí Ṣànpọ̀nná bá ń jà, wọ́n á ní kí ọmọdé má rìn lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ní kí ìlù dákẹ́. Ṣùgbọ́n màrìwò wo lèèyàn fẹ́ fi dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ẹni tó ti sùn sínú yàrá?

Àwọn ọmọ ogun ara ló mú kó máa sùn. Ó yẹ kí èyí yé ọmọ Ìbàdàn kíákíá, nítorí ibùdó ogun ni ibí yìí, láti nǹkan bí 1829, kó tó di ìlú. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí Ààrẹ Látóòsà dojú kọ Èkìtìparapọ̀, ọ̀tá iwájú yẹn nìkan kọ́ ló kojú ìlú. Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà, Ẹ̀gbá dí ọ̀nà, Ìlọrin ń jà lápá Ọ̀fà, Ifẹ̀ náà dìde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáyé lọ́dún náà. Wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́ tí wọ́n ń wojú Ìbàdàn, ọjọ́ tí agbára ogun pín ni wọ́n ráyè. Ààrẹ kú sí ibùdó ogun ní 1885, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán pátápátá títí di 1893. Ti ẹni tó gba kíndìnrín tún wá burú ju ti Ààrẹ lọ, nítorí pé àwa fúnra wa la fi oògùn de àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ́wọ́, a sì ní láti dè wọ́n.

Ìdí tí a fi ní láti dè wọ́n wà nínú ìtàn àwọn ìbejì kan. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ilé ìwòsàn Peter Bent Brigham ní Boston, Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n fi í sára Richard, ìkejì rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Richard tún lo ọdún mẹ́jọ láyé, wọ́n sì fún Murray ní ẹ̀bùn Nobel ní 1990. Àwọn ọmọ ogun ara Richard kò bá kíndìnrín náà jà, nítorí pé ẹyin kan ṣoṣo ló pín sí méjì tó di òun àti Ronald, wọn kò lè dá ti ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì. Mo ti bi ara mi léèrè rí pé àwa tí Igbó-Ọrà wà ní ìtòsí wa, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ti kà á dé nǹkan bí ìbejì 45 nínú 1,000 ìbímọ, ṣé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ kíndìnrín rọrùn fún wa ju fún òyìnbó lọ? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbejì ẹlẹ́yin méjì ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Táyé àti Kẹ́hìndé tiwa kò sún mọ́ra nínú ẹ̀jẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán lọ, àwọn ẹlẹ́yin kan kò sì pọ̀ ní Igbó-Ọrà ju bí wọ́n ṣe pọ̀ ní Boston lọ. Nítorí náà, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2000, ní St. Nicholas Hospital ní Èkó, tí Ilé-Ifẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 2002, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ gbogbo ẹni tó gba kíndìnrín nílẹ̀ yìí ló ń gbé oògùn mì láàárọ̀ àti lálẹ́, títí kíndìnrín náà á fi dáṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí ẹ̀mí á fi bọ́.

Inú erùpẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn oògùn náà, ohun tí àwọn eléwé ọmọ ní Ọjà'ba kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí. Erùpẹ̀ tí wọ́n bù ní 1969 ní òkè Hardangervidda, ní Norway, ni ohun tó fún wa ní cyclosporine ti hù jáde; erùpẹ̀ ìlú Tsukuba ní Japan ni tacrolimus ti wá ní 1984. Oògùn tó ń ṣọ́ kíndìnrín ni, òun náà ló ń ṣílẹ̀kùn. Bó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, fáírọ́ọ̀sì á jí; bó bá kéré jù, àwọn ọmọ ogun á bá kíndìnrín náà jà. Èyí tó le jù ni oògùn kan tí wọ́n ń fà sára àwọn aláìsàn kan ní àkókò iṣẹ́ abẹ, èyí tí wọ́n ń mú jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ ehoro. Ó máa ń run ọmọ ogun ara débi pé ó ń gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó tún pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ń jí CMV jù nínú gbogbo ohun tí dókítà ń lò, oògùn ehoro yìí ni màá kọ́kọ́ dárúkọ.

Ta ni wọ́n ń fún ní oògùn ehoro? Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ́ láti kórìíra ara ẹlòmíràn ni. Ẹni tó ti gba kíndìnrín rí tí kò pẹ́ lára rẹ̀ wà nínú wọn. Ẹni tó ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà náà wà níbẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ara pèsè ẹ̀jẹ̀ wọ́n, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti lọ sílẹ̀ láàárín ìfọ̀jẹ̀ kan àti òmíràn, wọ́n á kàn ní kí ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti bímọ púpọ̀ ló ń dùn mí jù. Gbogbo oyún tí obìnrin gbé ló lè kọ́ ara rẹ̀ láti dá ohun tó wá láti ọ̀dọ̀ bàbá ọmọ mọ̀, kó sì kọ̀ ọ́. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà kan ní Kúdẹtì wá nílò kíndìnrín lónìí, ọkọ rẹ̀ ní òun á fún un, àwọn ọmọ ní àwọn á fún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì kọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí àwọn oyún tó gbé. Bí wọ́n bá rí èyí tó bá a mu díẹ̀, oògùn tó lágbára jù ni wọ́n máa lò fún un, fáírọ́ọ̀sì á sì ráyè lára rẹ̀ ju lára ọkùnrin tí kò gbé nǹkan kan sínú rí. Mi ò rí ẹni tí màá bá wí lórí èyí. Ìwà ara ni. Síbẹ̀, kò dùn mọ́ mi.

Èyí tí mo máa ń rò jù nínú gbogbo fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí ni BK. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọkùnrin ará Sudan kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín lọ sí àpòòtọ̀ fún pọ̀, ìtọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá dáadáa. Sylvia Gardner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìtọ̀ rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí. Wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ sínú Lancet ní 1971, wọ́n sì fi lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú àwọn orúkọ ọkùnrin náà sọ fáírọ́ọ̀sì náà lórúkọ. Ọmọ Áfíríkà kan wá ìlera lọ sí ìlú òyìnbó, ohun tó fi sílẹ̀ fún ayé ni lẹ́tà méjì tó wà lórí ìwé àyẹ̀wò gbogbo ẹni tó pààrọ̀ kíndìnrín lónìí, ní Ìbàdàn o, ní New York o. Mo máa ń fẹ́ mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é.

Ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn àgbàlagbà ayé tí BK ti wọ̀ lára láti kékeré. Inú kíndìnrín àti ojú ọ̀nà ìtọ̀ ló máa ń sùn sí, nítorí náà kíndìnrín tí wọ́n fúnni lè gbé e wá pẹ̀lú ara rẹ̀. Láti ẹyọ kan títí dé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó gba kíndìnrín ni ó ń jí mọ́ débi pé ó ń ba kíndìnrín tuntun náà jẹ́. Kò ní ibà, kò ní ìrora. Ohun tí dókítà á kàn rí ni pé kírẹ́tínìnì, ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín sẹ́ dànù, ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí ara bá ń kọ kíndìnrín. Ibi tó ti burú nìyí. Bí ara bá ń kọ̀ ọ́, oògùn la ó fi kún; bó bá jẹ́ BK, oògùn la ó dín kù. Ẹni tó bá fi ìkejì ṣe ti àkọ́kọ́ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ fáírọ́ọ̀sì náà yó. Kò sì sí oògùn kan tó ń pa BK fúnra rẹ̀. Gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ kò ju pé kí a tú àwọn ọmọ ogun sílẹ̀ díẹ̀, kí a máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jà, kí a sì máa gbàdúrà pé wọn kò ní kọjá sórí kíndìnrín. Ọjọ́ orí tó ti gòkè wà lára ohun tó ń fà á, jíjẹ́ ọkùnrin náà wà níbẹ̀, àti kíndìnrín tí kò bára mu tó, àti rọ́bà kékeré tí wọ́n máa ń fi sí ojú ọ̀nà ìtọ̀ kó má baà dí. Agbára oògùn ló borí gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún BK lóṣooṣù láàárín àwọn oṣù àkọ́kọ́, kó tó di pé kírẹ́tínìnì sọ̀rọ̀.

Mo tún padà sórí ọ̀rọ̀ ife. Ọmọ kan wà tí wọ́n bí ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bẹẹrẹ. Ife tirẹ̀ wà lọ́tọ̀ láti ìgbà tó ti lè di nǹkan mú, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n sì ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè di ẹni ọgbọ̀n ọdún láìní CMV lára. Kíndìnrín rẹ̀ wá dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú ń dúró pẹ́ ju àwọn mìíràn lọ fún kíndìnrín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àwọn tó ń fi ẹ̀yà ara sílẹ̀ nínú wọn kò pọ̀. Òfin tí wọ́n yí padà ní England ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, pé àgbàlagbà tí kò bá ti sọ pé òun kọ̀ ni a ó kà sí ẹni tó gbà, kò tíì parí ìṣòro náà. Ojú á wá padà sílé. Àbúrò bàbá á gba físà láti Ìbàdàn. Àyẹ̀wò á ní ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu bí ohun tí Ọlọ́run tò jọ. Inú gbogbo ẹbí á dùn, àmọ́ nọ́ọ̀sì tó mọ̀wé á wo ojú ewé kejì: ẹni tó ń fúnni ní CMV, ẹni tó ń gbà kò ní in. Kò sí ipò tó léwu ju èyí lọ nípa CMV. Àwọn ọmọ ogun ara ọmọ náà kò tíì bá a pàdé rí, ọjọ́ tí wọ́n dè wọ́n lọ́wọ́ gan-an ni ó wọlé, nínú kíndìnrín. Nǹkan bí ọjọ́ 200 ni wọ́n á fi máa fún un ní oògùn valganciclovir, wọ́n á sì tún máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn tó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, torí ìgbà yẹn ló máa ń yọ. Bí irú kíndìnrín kan náà bá wọ ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dàgbà ní Bẹẹrẹ, CMV ṣì lè jí, ṣùgbọ́n ara tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kí a máa fi itọ́ fún ọmọ mu o. CMV kan náà yìí, tí aboyún bá kó o sára ọmọ inú, ó wà lára ohun tó ń sọ ọmọ di adití. Ohun tí mò ń wí ni pé ọdún tí ènìyàn kó fáírọ́ọ̀sì ṣe pàtàkì bí fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Wọ́n mọ èyí dáadáa nípa èkejì rẹ̀, Epstein-Barr, tí Epstein, Achong àti Barr rí ní 1964 nínú kókó tí Burkitt ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Uganda, irú kókó tó ń wú àwọn ọmọdé ní páárì ẹnu tí wọ́n ń gbé wá sí ilé ìwòsàn UCH níbí nígbà náà. Victor Ngu, ọmọ Cameroon tó ṣiṣẹ́ abẹ ní UCH fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Lasker ní 1972 nítorí ìtọ́jú rẹ̀. Ọmọ kékeré tí Epstein-Barr kò tíì wọ̀ lára, tí wọ́n wá fi kíndìnrín ìyá tàbí bàbá rẹ̀ sí lára, òun ni jẹjẹrẹ tó ń ti inú fáírọ́ọ̀sì yìí wá lè bá jù lẹ́yìn ìpààrọ̀. Ìfẹ́ òbí ló gbé e wá.

Ìlú yìí ní fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ orúkọ ọjà rẹ̀. Dugbe ni wọ́n ń pè é; lára eégbọn màlúù ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti rí i ní 1964. Àmọ́ òun kọ́ ni ẹni tó gba kíndìnrín ń sá fún. Tí a bá ń sọ èyí tó wà nílé wa tó sì ń pa wá, mẹ́dọ̀wú ni, Hepatitis B. Àyẹ̀wò tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 rí i lára nǹkan bí 8 nínú 100 ènìyàn. Abẹ onígbàjámọ̀ ń gbé e, ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò yẹ̀ wò dáadáa ń gbé e, ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ tí wọn kò tọ́jú ń gbé e, ìyá sì ń bí i mọ́ ọmọ. Ẹni tó tilẹ̀ ti ṣẹ́gun rẹ̀ nígbà kan rí, ó lè padà jí mọ́ ọn nígbà tí oògùn kíndìnrín bá dé. Oògùn wà tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àjẹsára sì wà, ṣùgbọ́n ara ẹni tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba àjẹsára mọ́, wọ́n ní láti fún un ní ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn ìpààrọ̀ ló tún le jù. Ti ibà pọ́njú àti ti èèyi wá yàtọ̀ pátápátá. Fáírọ́ọ̀sì tó ṣì wà láàyè ló wà nínú àwọn àjẹsára méjèèjì, a kì í fún ẹni tó ti gba kíndìnrín. Ẹni tó bá nílò káàdì ibà pọ́njú fún ìrìn àjò, kó tó dọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni kó ti gbà á, ó sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọjọ́ náà bí dókítà bá ṣe wí.

Nígbà mìíràn mo máa ń gba Ọjà'ba kọjá lọ sí Bẹẹrẹ, màá sì máa wo àwọn lẹ́kulẹ́ja pẹ̀lú egbò, èèpo àti orí ẹranko tí wọ́n tò sílẹ̀. Mi ò bá wọn ní ìjà. Láàárín wọn ni mo dàgbà, àgbo wọn ni wọ́n fi wẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ara tó ń gbé tacrolimus kò ní àyè fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bó ṣe rí ní Ọjà'ba ló rí ní kẹ́míìsì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹnì kan gba kíndìnrín, làpálàpá wá yọ sí i lára, ó ra ketoconazole, ó ń gbé e mì. Oògùn náà kò ní jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lo tacrolimus tán, tacrolimus á kún inú ẹ̀jẹ̀, ọmọ ogun á sùn fọnfọn, BK á jí. Ẹlòmíràn ń wú ikọ́, wọ́n fún un ní rifampicin, ìyẹn á gbá tacrolimus jáde kíákíá, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kíndìnrín. Ẹnì kẹta kò lo oògùn kankan tó lòdì, owó ló tán. Ó fo ọjọ́ méjì, ó fo ọ̀sẹ̀ kan, ó ń pín oògùn kan sí méjì. Ara rẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Láti gba kíndìnrín náà là, dókítà á da oògùn tó lágbára jù lọ sí i lára, nígbà mìíràn ti ehoro náà ni, CMV á sì rí ọ̀nà. Ẹni tí oògùn pọ̀ jù fún àti ẹni tí kò rí oògùn rà, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa ń pàdé sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rò ó débẹ̀, ó ṣe mí bíi pé kí n jókòó sórí àtẹ̀gùn Màpó kí n má rò ó mọ́.

Ohun kan ṣì kù tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ayé ń ṣe HapMap, láti fi mọ bí àbùdá ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá. YRI ni àmì tí wọ́n fi sí i, Yorùbá Ìbàdàn, ó sì wà nínú kọ̀ǹpútà gbogbo ilé ìwádìí tó bá gbọ́n. Ní 2010, irú àbùdá bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi rí i pé àbùdá kan tó ń jẹ́ APOL1 lọ́wọ́ nínú àìsàn kíndìnrín. Àwọn baba wa ní àyípadà kan nínú rẹ̀, tó ń gbèjà ara lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn oorun, ó sì wà nínú nǹkan bí 38 nínú 100 ẹ̀dà àbùdá náà lára àwọn Yorùbá. Ẹni tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ewu ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀jẹ̀ wa ti kọ́ ayé ní ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa tó bá gba kíndìnrín tuntun, owó àpò ara rẹ̀ ló fi ń ṣe àyẹ̀wò BK àti CMV, bó bá rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tí kò bá sì rówó á jókòó de kírẹ́tínìnì.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, UCH wà nínú wọn, ti wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000. Wọ́n ṣe é re, mo sì dúpẹ́. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n fi àyẹ̀wò BK àti CMV ti oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kún un fún gbogbo ẹni tó bá pààrọ̀ kíndìnrín, kí ilé àyẹ̀wò tó ń ṣe é sì wà ní Ìbàdàn níbí.